Téèpù Ọrùn Ìyàwó Mi

Télọ̀ ni mí, mo sì mọ̀ nípa àbùlẹ̀ ju dókítà lọ. Ohun tí mo sọ fún un nìyẹn lọ́jọ́ tó ṣàlàyé pé wọ́n máa bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára itan mi, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọgbẹ́ ojúgun mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ojú ọgbẹ́ bá pọ́n dáadáa, tí kò sí kòkòrò nínú rẹ̀, iṣẹ́ abẹ di Ọjọ́bọ̀. Bí ó bá sì tún jẹ wọnú, láti orúnkún ni wọ́n á ti gé e. Ẹ̀rín tèmi kú sí mi lẹ́nu.

Ẹsẹ̀ yẹn ni mo fi ń tẹ máṣíìnì. Ọkọ̀ akẹ́rù tí bíréèkì rẹ̀ já ló wọlé bá èmi àti ìyàwó mi ní ṣọ́ọ̀bù, níbi tí a kọjú síra wa tí a ń ránṣọ. Èmi fi ẹsẹ̀ ṣèṣe. Òun ò dìde mọ́. Wọ́n ti sin ín kí n tó lè jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Téèpù tó fi kọ́rùn lọ́jọ́ náà ni ìyá rẹ̀ gbé wá fún mi. Màmá fẹ́ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, mo kọ̀ jálẹ̀, torí òórùn páúdà ọrùn rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Abẹ́ ìrọ̀rí ni mo fi í sí.

Ẹ wá wo ìwà télọ̀. Ẹni tó bá máa lẹ aṣọ gbọ́dọ̀ mọ bí ihò ṣe fẹ̀ tó, ẹ̀rù sì ń bà mí kí dókítà má lọ gé awọ kékeré. Láràárọ̀, bí nọ́ọ̀sì bá ti tú bándéèjì tó lọ gbé òògùn, màá yọ téèpù, màá tẹ́ ẹ sójú ọgbẹ́: lọ́jọ́ àkọ́kọ́, íńṣì márùn-ún ní gígùn, mẹ́ta ní fífẹ̀. Ó ń kéré sí i, inú mi ń dùn. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé àwa méjèèjì la jọ ń wọ̀n ọ́n.

Lọ́jọ́ Ajé ni èsì àyẹ̀wò dé: kòkòrò ti wọ ọgbẹ́. Nọ́ọ̀sì, àgbàlagbà obìnrin tí kì í fi iṣẹ́ ṣeré, dúró bí ẹni tí òjò pa.

"Èmi tí mo ń fọwọ́ ara mi fọ̀ ọ́! Ibo ló gbà wọlé?"

Mo ní kí wọ́n má bẹ̀rù, ọgbẹ́ ń dín kù. Mo fa téèpù yọ kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i.

"Èyí lẹ ń tẹ́ sójú egbò?"

"Lójoojúmọ́ ni, mà."

"Ha! Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín gé ẹsẹ̀ yín!"

Wọ́n já a gbà, wọ́n kọrí sí ibi pàǹtírí. Mo di ìdí rẹ̀ mú. Àgbà méjì ń fa téèpù mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni mo sọ ọrùn ẹni tó ti wá. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Mi ò ní jù ú nù. Ṣùgbọ́n màá fi ọṣẹ sè é."

"Tẹ́ ẹ bá sè é, òórùn rẹ̀ á lọ."

"Á lọ," ni wọ́n wí. "Ẹ mú ọ̀kan: òórùn àbí ẹsẹ̀."

Mo gbé e símú, mo pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo nà án sí wọn.

Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gba abẹ́rẹ́ tí kò rán nǹkan kan, kí èsì tuntun tó jáde pé ọgbẹ́ ti mọ́. Lọ́jọ́rú, nọ́ọ̀sì gbé abẹ wá láti fá irun itan mi. Wọ́n fún mi ní téèpù náà nínú bébà funfun, ó mọ́ tónítóní. Mo gbé e símú. Ọṣẹ ni mo gbọ́.

Wọ́n wo ojú mi, wọ́n dá abẹ dúró. "Ṣé ó ń dùn yín ni?"

"Rárá, mà," ni mo wí. "Ẹ máa fá a lọ."