Ọjọ́ Tí Ewúrẹ́ Dìbò fún "Má Kí Mi"

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ àlá tí mo lá ní ìdájí òní, kó tó yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ má bi mí ní ìbéèrè kankan títí n ó fi sọ ọ́ tán. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rọra rín in.

Mo wà ní ìsọ̀ mi, mo ń fá pákó ilẹ̀kùn kan, ni pákó náà bá ní kí n dúró ná. Mo dúró. Ó ní, "Bọ̀dé, wọ́n ń pè ọ́ lókè. Wọ́n ń ṣẹjọ́ orin Ògbe Àkùkọ, Rábíù sì ti débẹ̀."

Pé pákó ń sọ̀rọ̀ kò yà mí lẹ́nu. Èyí tó dùn mí ni pé Rábíù ti débẹ̀ ṣáájú mi. Mo gbé ìfági sílẹ̀, mo dìde.

Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn nínú yín ò mọ Ògbe Àkùkọ. Ọmọ Òṣogbo níbí ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Orin pọ́ǹkì ni wọ́n ń kọ: gìtá mẹ́ta, ìlù kan, àti ariwo bí ìgbà tí wọ́n ń da páànù sílẹ̀ látorí ọkọ̀. Orin wọn kì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Wọ́n fá irun ẹ̀gbẹ́ orí wọn méjèèjì, wọ́n fi ti àárín sílẹ̀ kó dúró gan-n-gan bí ògbe àkùkọ. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó tú ká, orin mẹ́wàá ló sì wà nínú rẹ̀. Àwa tá a fẹ́ràn wọn ò ju mẹ́tàdínlógún lọ. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí a ti ń jiyàn lórí orin tó dáa jù nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá àti èyí tó burú jù.

Rábíù tó ń gé gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo ní "Má Kí Mi" ló dáa jù. Èmi ní òun ló burú jù. Ọdún kọkàndínlógún náà rèé tí n kò ti ra gíláàsì lọ́wọ́ Rábíù. Bí oníbàárà mi bá fẹ́ fèrèsé onígíláàsì, Ìkìrun ni mo ń wọkọ̀ lọ láti rà á.

Ọ́fíìsì náà léfòó sókè pápá bọ́ọ̀lù. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ òpó gọ́ọ̀lù kó má baà lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, yóò yí, fèrèsé yóò wá sí ibi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀. Mo dúró de ilẹ̀kùn, mo sì gun àkàbà.

Àkàbà ní, "Nu ẹsẹ̀ rẹ."

Mo nu ún.

Ó ní, "Èkejì ńkọ́? Àbí ẹlẹ́sẹ̀ kan ni ọ́?"

Mo nu èkejì.

Àwọn mẹ́rìndínlógún yòókù ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Irun ti tán lórí púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ti fi ṣọ́ọ̀kì ya ògbe sórí apárí rẹ̀. Ti Rábíù pupa. Yíǹkì òǹtẹ̀ ló fi ya tirẹ̀.

Ó ní, "Káàbọ̀, olóríkunkun. A rò pé o ti lọ sí Ìkìrun ni."

Mo ní, "Èmi àti ìwọ ń sọ̀rọ̀ ni?"

Ó ní, "Rárá o. Bẹ́ǹṣì ni mò ń bá wí."

Bẹ́ǹṣì ní, "Ẹ má pe orúkọ mi sí i."

Alága wọlé pẹ̀lú akọ̀wé àti akápò rẹ̀. Ó wọ kóòtù, ó so táì, ó kó ìwé lọ́wọ́ bí ẹni tí yóò lé ènìyàn kúrò nílé. Ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, iṣẹ́ wa níbí kò le. Orin tí ẹ bá dìbò pé ó dáa jù, a ó dá a padà sínú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti pa á rẹ́. Ibi tí wọ́n bá ti gba nǹkan mìíràn lé e lórí, nǹkan mìíràn yẹn á jáde, orin á wọlé. A ó parí rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀."

Ara mi tutù wá. Mo fi ọwọ́ kan àpò àyà mi. Kásẹ́ẹ̀tì mi wà níbẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ èyí fún yín, kí ẹ lè mọ ohun tó ń dẹ́rù bà mí. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, mo fi kásẹ́ẹ̀tì Ògbe Àkùkọ sílẹ̀ nílé ìyá mi. Ìyá mi ò mọ̀wé. Nígbà náà, ẹni tí kò mọ̀wé a máa sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, a sì fi rán awakọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ ló mú. Ìyàwó tíṣà tó wà nílé kejì bá a tẹ rédíò, ìyá mi sì kí mi. Ìkíni lásán ni. Ó kí mi kú iṣẹ́, ó kí mi kú otútù òkè Ọya, ó bi mí bóyá mò ń jẹun, ó ní kí n bá òun kí ọ̀gá mi. Orí "Má Kí Mi" ló gbà á lé gẹ́lẹ́.

Nígbà tí mo ki kásẹ́ẹ̀tì bọ rédíò ní Kàdúná, gìtá ni mo ń retí. Ìyá mi ni mo gbọ́. Inú bí mi, nítorí orin tí mo fẹ́ràn jù lọ láyé nìyẹn. Mo ní n kò ní fèsì títí tí yóò fi ra kásẹ́ẹ̀tì mìíràn fún mi. Oṣù mẹ́rin ni mo fi dákẹ́. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sin ín.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ pé "Má Kí Mi" ló burú jù. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ohùn ìyá mi kò sì sí níbòmíràn láyé yìí.

Alága ní kí n rojọ́ tèmi. Mo dìde.

Mo ní, "Orin yẹn ò dáa. Onílù ti bẹ̀rẹ̀ kí àwọn tó kù tó múra. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ péré ni gbogbo rẹ̀. Olórin wúkọ́ láàárín, wọn ò sì yọ ikọ́ náà kúrò."

Rábíù fò dìde. "Ikọ́ yẹn gan-an ló dùn! Ta ni kò mọ ikọ́ yẹn sórí níbí? Ó yá, ẹ jẹ́ ká wú u!"

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún wúkọ́ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì yàtọ̀ sí ti inú kásẹ́ẹ̀tì rárá. Ọ́fíìsì mì. Ó tún gòkè díẹ̀ sí i, okùn ara òpó gọ́ọ̀lù sì ké.

Rábíù ní, "Èwo wá ló dáa lójú tìẹ?"

"'Ẹ Ṣí Fèrèsé,'" ni mo wí.

"'Ẹ Ṣí Fèrèsé'! Ẹ gbà mí o! Orin tí ẹ̀fọn gan-an ń sá fún!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ṣọ́ọ̀kì fi ń ṣàn lójú wọn. Àǹtí Fẹ́hìntọlá, ẹni tó ń ran bàtà lẹ́yìn ọjà, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí.

Ó ní, "Àbúrò mi, kí ni orin yẹn ṣe fún ọ? Èmi ni mo dúró tì ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ní gbọ̀ngàn ìlú. O fò sókè fò sílẹ̀ títí bàtà rẹ fi já. Èmi ni mo bá ọ rán an."

"Ẹlòmíràn nìyẹn."

"Ẹlòmíràn tó ní àpá létè òsì?"

Mo fi ọwọ́ bo ètè mi. Alága ní ọ̀rọ̀ ti tó, kí a dìbò.

A kọ ìbò wa sórí pépà. Bí alága ti bẹ̀rẹ̀ láti kó wọn jọ, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, ìwo méjì yọ lórí rẹ̀, ó di ewúrẹ́. Táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Akọ̀wé wo aago, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé, "Alága di ewúrẹ́ ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Ó tẹ òǹtẹ̀ sí i, òun náà wá di ewúrẹ́. Akápò tẹ̀ lé wọn. Kò sí ẹni tó fi ìyẹn ṣe nǹkan kan, nítorí gbogbo wa la mọ òfin: ìbò tí ewúrẹ́ bá jẹ ni ìbò tó wọlé. Èmi náà mọ̀ ọ́n, n kò jiyàn.

Ewúrẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Gbogbo pépà tí wọ́n kọ "Má Kí Mi" sí ni wọ́n ń jẹ bí ewé ẹ̀gẹ́. Nígbà tí wọ́n dé orí tèmi, alága gbóòórùn rẹ̀, ó sín, ó kọjá. Mo wá inú àpò mi, mo bá iyọ̀ níbẹ̀, mo bu ú wọ́n ìbò mi. Ewúrẹ́ padà wá. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ó lá iyọ̀ náà tán pátápátá, ó sì fi pépà sílẹ̀.

Alága ní, "Mẹ́ẹ̀ẹ̀."

Rábíù túmọ̀ rẹ̀. "Ó ní mẹ́rìndínlógún sí òdo. Ṣùgbọ́n ó ní àyè kan ṣì kù fún ọ. Kí o kọ orin náà fún wa. Bí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò bá mì, wọ́n á fagi lé ìbò."

Mo rí ọ̀nà àbáyọ. N ó kọ ọ́ kó bàjẹ́. N ó kọ ọ́ bí ẹni tí eyín ń dùn. Mo ya ẹnu mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo mí sínú, mo bẹ̀rẹ̀:

*Má kí mi láàárọ̀, n ò sùn!*
*Má kí mi lọ́sàn-án, n ò jẹun!*
*Má kí mi lálẹ́, n ò tí ì délé!*

Ọdún kọkàndínlógún tí n kò fi orin yẹn sẹ́nu, kò gbàgbé ọ̀nà. Ó jáde ṣàṣà, tòun ti ikọ́ àárín rẹ̀. Ẹ gbọ́, n kò ní parọ́ fún yín. Ẹsẹ̀ tó kọ́kọ́ mì nínú ọ́fíìsì yẹn, tèmi ni. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn fò dìde, ewúrẹ́ pẹ̀lú wọn, wọ́n ń forí gbárí. Okùn já. Ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ.

Rédíò ńlá kan tó wà lórí tábìlì yán, ó na ẹnu, ó sì fa kásẹ́ẹ̀tì yọ nínú àpò mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Okùn dúdú inú rẹ̀ ń jáde, ìkíni ìyá mi sì ń jábọ́ lára rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kú otútù" bọ́ sílẹ̀, akápò gbé e mì. "Bá mi kí ọ̀gá rẹ" bọ́ sílẹ̀, mo sáré sí i, akọ̀wé ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di okùn náà mú, ó ń yọ̀. Mo bá fi eyín dì í mú, mo sì fà á.

Ó dúró.

Rábíù sún mọ́ mi. Ògbe pupa orí rẹ̀ ti rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó ní, "Bọ̀dé, kí ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an?"

N kò lè la ẹnu láti sọ ọ́.

Ìgbà náà ni ìyá mi gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ó so gèlè tó fi ń ṣiṣẹ́ ilé, ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú." Ó kí gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó kí ewúrẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó béèrè àwọn ọmọ wọn, wọ́n sì dáhùn. Ó wá dé ọ̀dọ̀ mi.

"Bọ̀dé, kú iṣẹ́."

Mo pa ẹnu dé. Okùn náà ń gbọ̀n láàárín eyín mi.

"Bọ̀dé, mo ní kú iṣẹ́. Ṣé ò ń jẹun?"

Bí mo bá dáhùn, ìwọ̀nba tó kù nínú kásẹ́ẹ̀tì yóò lọ. Bí n kò bá dáhùn, òun fúnra rẹ̀ yóò yí padà, yóò lọ bó ṣe lọ ní ìjọ́sí. Òógùn bò mí. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù, ṣùgbọ́n ojú kì í jẹ́ ìkíni. Ó dúró, ó ń wò mí bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, tó sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó wà nínú ilé.

Ó tún la ẹnu láti kí mi.

"Bàbá Morẹ́nikẹ́! Mo ní ẹ káàárọ̀! Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé!"

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ síwájú mi pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Okùn nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni mo fi eyín dì mú. Mo ti fà á yọ kúrò lára ìṣó, eyín mi nìkan ló gbé igun nẹ́ẹ̀tì yẹn dúró.

Ó ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, kí ló dé tí ẹ ò dá mi lóhùn? Kí ni mo ṣe?"

N kò tètè tu ú. Mo wo okùn. Mo wo ìyàwó mi. Kò dìde, ó ń dúró.

Mo la ẹnu, mo ní, "Káàárọ̀ o. Ṣé o sùn dáadáa?"

Nẹ́ẹ̀tì sì wó lé àwa méjèèjì lórí.