Mo Kúnlẹ̀ Kí Ọlọ́pàá Nílùú Òyìnbó

Àǹtí mi, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá. Bọ̀ọ̀dá Délé háyà mọ́tò nílùú òyìnbó, èmi ni mo ń wà á, à ń lọ pàdé Màámi ní pápákọ̀ òfurufú. Ọlọ́pàá dá wa dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i bí a ti ń kí àgbà. Ó jágbe mọ́ mi pé, "Padà sínú mọ́tò!" Orúnkún mi ti lẹ̀ mọ́ ọ̀dà títì, ó ń hu ewé. Bọ̀ọ̀dá ń rẹ́rìn-ín pé,

"Ó wà nínú ìwé òfin tí wọ́n fún wa níbi tá a ti háyà mọ́tò. Awakọ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀."

Inú bí mi. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, kí ló dé tẹ́ ò kà á fún mi? Màámi nìkan ló wà lọ́hùn-ún, wọn ò gbọ́ èdè òyìnbó!"

Bọ̀ọ̀dá tún rẹ́rìn-ín. Mo fa orúnkún mi tu tewétewé, mo gbá ẹ̀gbọ́n mi létí, ni mo bá jí.