Nọ́ńbà Tí Kì Í Kúrò Lójú

Ìyá mi ní òun ò lè tọrọ àánú lọ́wọ́ gbogbo Èkó láìkọ́kọ́ kí wọn.

Aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀ ni. Bàbá mi, Alhaji Ràmọ́nì, tó fi ọgbọ̀n ọdún tẹ̀wé ní Ṣómólú kí ìgbàgbé tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà, ti jáde nílé wa ní Abúlé Òkúta láti aago méje. Kò mú fóònù, kò jẹun. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà ní kò gbọdọ̀ fò ṣì wà lórí tábìlì. Bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan àti sílípáàsì ẹsẹ̀ kan ló ṣẹ́ kù lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn la fi mọ ohun tó wọ̀ jáde. Mahmood, ẹ̀gbọ́n mi, ti gba Onípanu lọ, ó ń yọjú wo ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan.

Èmi, iṣẹ́ ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ń ṣe jẹun. Lọ́dún tó kọjá tí Bàbá kọ́kọ́ sọnù, fọ́tò la fi ránṣẹ́ lórí Wọsáàpù. Oṣù méjì lẹ́yìn tí a ti rí i, àwọn èèyàn ṣì ń pè wá pé bàbá yẹn ńkọ́. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, ojú ewé kan ni n ó ṣe, kí n lè máa tún un ṣe bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń lọ. Fọ́tò, orúkọ, ohun tó wọ̀, nọ́ńbà wa. Ó parí.

"Kò tíì parí, Toyibat," ni Ìyá mi wí. "Kọ ọ́ bí mo ṣe ń pè é."

Ó bá bẹ̀rẹ̀. Ó kí awakọ̀ kú ewu ọ̀nà. Ó kí ọlọ́jà pé wọn á jèrè. Ó kí aláboyún pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ó kí onídìrí pé ojú gbooro o. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ló tó sọ pé ọkọ òun ni òun ń wá.

Inú bí mi. "Ìyá, ta ló fẹ́ ka gbogbo eléyìí? Bàbá sọnù, ẹ wá ń kí aláboyún!"

"Ṣé aláboyún ò lójú ni? Àbí kò lè rí i?"

Ẹnu mi mú, ṣùgbọ́n ti Ìyá mi mú ju tèmi lọ. Mo kọ ọ́ bó ṣe wí. Ojú ewé wá gùn bí ọ̀nà Ìkòròdú, nọ́ńbà wa wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹni tó ń kánjú ò ní dé.

N kò lè yọ ìkíni kúrò, Ìyá mi jókòó tì mí gbágbáágbá. Mo pinnu láti so nọ́ńbà mọ́ ojú fóònù, kí ojú ewé máa yí lọ, kí nọ́ńbà má kúrò lójú. Mo ti ṣe irú rẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì tó tó ogún, ṣùgbọ́n ìkánjú kò jẹ́ kí n ronú. Inú àpótí kan náà pẹ̀lú fọ́tò Bàbá, ìyẹn ìpín kan lára ojú ewé, ni mo so ó sí, lókè. Ohun tí a bá so bẹ́ẹ̀ kì í kúrò nínú àpótí rẹ̀; bí àpótí bá lọ, òun náà á lọ. Mo fi ìka fa ìwé, nọ́ńbà dúró díẹ̀. Bí fọ́tò Bàbá ṣe kọjá, nọ́ńbà náà bá a lọ.

Mo bú ẹ̀rọ, mo bú ara mi, mo bú sẹ́kún. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Ìyá mi fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú mi.

"Rọra," ó ní. "Tún un so."

Mo yọ nọ́ńbà kúrò nínú àpótí, mo so òun nìkan mọ́ ìsàlẹ̀ fóònù, níbi tí àtàǹpàkò máa ń wà. Mo fa ìwé látòkè délẹ̀, kò mira. Mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí mo mọ̀.

Aago kan kọjá díẹ̀ ni ìpè wọlé. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ ń wá bàbá kan? Wúràolúwa lorúkọ mi, onídìrí ni mí ní Fádèyí. Bàbá yín wà lórí bẹ́ǹṣì mi o."

Nígbà tí a débẹ̀, tí Bàbá ti lo oògùn, Wúràolúwa ṣàlàyé. Bàbá ti jókòó síbẹ̀ láàárọ̀, wọ́n rò pé ó ń dúró de ọmọ rẹ̀ tó ń dirun ni. Ọwọ́ Wúràolúwa wà nínú irun, oníbàárà rẹ̀ ló ń tẹ fóònù níwájú rẹ̀.

"Ó ń fà á lọ fìrì, mo bá rí 'ojú gbooro o' tó fẹ́ kọjá. Mo ní ah ah, wait! Ta ló ṣì ń kí onídìrí báyẹn? Mo dáhùn pé òòyà á yà á, mo ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo kà á síwájú, wọ́n ní bàtà ẹsẹ̀ kan, sílípáàsì ẹsẹ̀ kan. Mo bá wo ẹsẹ̀ Bàbá, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Nọ́ńbà yín ti wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, mo ní kó tẹ̀ ẹ́ sharp sharp. Bá a ṣe sọ̀rọ̀ tán báyìí ni fóònù rẹ̀ kú, kò ní iná mọ́."

Ìyá mi kúnlẹ̀ fún ọmọ tó lè bí. Wúràolúwa ń fà á dìde, "Mummy, ẹ má ṣe mí báyìí, ẹ jọ̀ọ́." Èmi náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò mọ ohun tí mo lè fi san oore yẹn, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, n kò sì tíì mọ̀ ọ́n títí dòní. Nínú ọkọ̀, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá mi. Ó ní kí n lọ bẹ aláboyún.

Lọ́jọ́ kejì a tún lọ dúpẹ́ àná lọ́wọ́ Wúràolúwa. Nígbà tí a padà dé, àwọn ará àdúgbò kún pálọ̀, wọ́n ń kí wa kú oríire. Bàbá ń jẹun lọ́wọ́. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí ni wọ́n ń dúpẹ́ fún?"

"Bàbá kan ló sọnù, wọ́n ti rí i."

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Alihamudulilahi! Ṣé ó lọ́mọ?"

"Ó ní, Bàbá."

Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó di ojú. "Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ náà. Wọn ò ní wá a tì láé."

Mo tẹ́ ọwọ́ tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, mo ṣe àmín.