Satwant Jókòó Lórí Irin

"Ìyàwó, gbé òòlù yẹn sílẹ̀!"

Harbans ló dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, alágbàrù méjì sì tẹ̀ lé e. Satwant, opó àbúrò rẹ̀, kò gbójú sókè. Ìkòkò idẹ tí wọn yóò máa fi se ẹ̀wà ní gurdwara, ilé ìjọsìn àwọn Sikh, ló ń lù lọ́wọ́.

"Àbí etí ẹ ti di? Gbogbo àdúgbò alágbẹ̀dẹ ní Jandiala ló ń fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n ní obìnrin ló ń lu idẹ nílé wa."

"Bọ̀dá, ẹ jókòó, kẹ́ ẹ mu tíì."

"Mi ò wá mu tíì. Mo ti rẹ́ni tó máa ra irinṣẹ́ wọ̀nyí. Iṣẹ́ ọkùnrin ni, ọkùnrin tó ń ṣe é sì ti kú."

Satwant wá wò ó lójú. "Lọ́dún tó kọjá, tí ikọ́ dá Jagat ọkọ mi dùbúlẹ̀, ta lẹ rò pé ó lu àwọn ìkòkò tẹ́ ẹ fi ń yangàn lọ́jà?"

Ọ̀kan nínú àwọn alágbàrù bú sẹ́rìn-ín. Harbans yíjú sí bàbá rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ nítòsí lórí bẹ́ẹ̀dì onókùn. "Bàbá, ẹ dá sí i!"

Bàbá arúgbó náà wúkọ́. "Satwant, fi sílẹ̀. Kò sóbìnrin tó ṣe é rí nílé yìí."

Ìyẹn dun Satwant ju ariwo Harbans lọ. Òun ló ń fi ṣíbí bọ́ bàbá yìí láti ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

Àwọn alágbàrù bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n gbé irin ńlá tí wọ́n ń lu idẹ lé. Satwant jókòó lé e lórí.

"Ẹ gbé e o. Èmi pẹ̀lú ẹ̀ lẹ jọ máa gbé."

Wọ́n wojú ara wọn. "Ọ̀gá," ni ọ̀kan wí, "àwa ò lè fọwọ́ kan ìyàwó onílé o." Wọ́n bá tiwọn lọ.

Dayawanti, ìyá Harbans, ti ń fọ abọ́ lágbàlá látàárọ̀. Ó nu ọwọ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀ kọjá, ó lóṣòó ti ẹwìrì.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Ohun tó ti ń wù mí ṣe kí n tó bí ẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fín iná. Satwant dìde lórí irin, ó sì mú òòlù.