Légbénlégbé

Tíṣà ní kí àwọn ọmọ mú ara wọn lọ́wọ́ ní méjì-méjì lọ sétí odò Agbowó. Kò sẹ́ni tó mú Zùwáírátù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abúlé dé, lọ́wọ́. Òun nìkan ló fi abọ́ bu omi. Nǹkan dúdú wínníwínní ń jùrù nínú rẹ̀.

“Ẹja!” ni gbogbo wọn pariwo. Ọmọ ìgboro! Ohunkóhun tó bá ti lúwẹ̀ẹ́, ẹja ni!

“Légbénlégbé ni,” ni Zùwáírátù wí. “Tó bá dàgbà, á di ọ̀pọ̀lọ́.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, àfi tíṣà.

“Òótọ́ ló sọ. Ta ló kọ́ ẹ?”

“Ìyá àgbà mi ni, mà.”

“Bá mi kí wọn o.”

Nínú ààwẹ̀ tó kọjá ni wọ́n sin ìyá àgbà.

“Wọ́n á gbọ́, mà,” ni Zùwáírátù wí, ó sì rọra da àwọn légbénlégbé padà sódò, sáàárín ẹgbẹ́ wọn.