Òjò Lókè, Ohùn Lábẹ́

Òjò ṣú dẹ̀dẹ̀, kò tíì rọ̀. Lábẹ́ igi ọsàn, mọ́tò àtijọ́ kan ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ bí àgbébọ̀ adìyẹ tó na ìyẹ́. Ẹsẹ̀ méjì yọ síta níbẹ̀. Ẹsẹ̀ Láoyè ni, ọkọ Àwẹ̀ró, tó fi ogójì ọdún rán àga mọ́tò fún ará Ìkirè kó tó fẹ̀yìn tì.

Aṣọ òrùlé mọ́tò ti wà nílẹ̀. Fóòmù abẹ́ rẹ̀ ti gbó, ó ń já sí Láoyè nírùngbọ̀n bí ìyẹ̀fun. Ó ń ha á, ó ń nù ún, títí irin fi wà ní ìhòòhò. Irin yìí gan-an ló gbé ohùn ìyàwó rẹ̀ mì.

Láti ìgbà tí dókítà ti gé gẹ̀gẹ̀ ọrùn Àwẹ̀ró ni ohùn rẹ̀ ti kéré. Ohùn tó ń pe ewúrẹ́ wálé láti òdìkejì odò, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló kù. Lóṣù tó kọjá, wọ́n ń lọ sí Ìbàdàn fún àyẹ̀wò, òjò ń lu òrùlé gbà-gbà-gbà. Àwẹ̀ró ń sọ̀rọ̀, Láoyè kò gbọ́, ó sì ń dáhùn ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n, bí ọkọ rere. Àṣé ìyàwó rẹ̀ ní kó dúró ní Àṣéjíire kí òun ra ẹja ni! Ọkọ rere ń ṣe ẹ̀n-ẹ́n, ó ń tẹná mọ́tò lọ ní tirẹ̀. Àwẹ̀ró ká ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ bí ẹní. Láti ọjọ́ náà kì í sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò mọ́, ó sì ń dun Láoyè wọ eegun.

Ó fi gọ́ọ̀mù pa irin, ó fi pa fóòmù tuntun, ó dúró kó gbẹ díẹ̀. Kò kánjú. Ó gbé e sókè, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, láti àárín bọ́ sí etí. Ó na aṣọ bò ó. Ó fi ìka kan òrùlé. Kò dún gbàn-gbàn mọ́. Pọ̀, ló dún.

Òjò dé. Àwẹ̀ró, tó ń kó ata tó sá síta, sáré wọ inú mọ́tò. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Òjò ń dà, ó ń lu irin, ó ń lu irin, àmọ́ ọ̀nà jíjìn ni ariwo rẹ̀ wà.

Àwẹ̀ró gbójú sókè, ó wo òrùlé. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ní ṣé ọkọ òun, Bàbá Fọláwiyọ́, yóò dúró ní Àṣéjíire lọ́tẹ̀ yìí tí àwọn bá tún ń lọ sí Ìbàdàn, ẹja ṣì ń wu òun.

Láoyè gbọ́. Ó gbọ́ ọ yékéyéké, títí dórí ẹja. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀n-ẹ́n ti dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì. Ó ní òun ti gbọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó tún un wí.

Òjò ń rọ̀ lókè. Àwẹ̀ró tún un wí.