Gìrìpá Ń Fún Wàrà

Ọkọ̀ akẹ́ran ti ń kùn lẹ́nu ọ̀nà ọgbà màlúù nígbà tí olùtọ́jú ẹran já wọ ọ́fíìsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ìyá Kọ̀ǹpútà, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun o! Ìbàdí-Àrán mi ò sí lára àwọn aláìsàn tí wọ́n fẹ́ lọ pa." Ìgò ló fi fún màlúù náà lóúnjẹ títí ó fi dàgbà. "Àmọ́ ẹ wo ohun tí ẹ tẹ̀ jáde yìí: Gìrìpá ń fún wàrà! Odidi akọ! Kí gan-an ni wọ́n fà tí wàrà fi jáde?"

Ẹ̀rín sọ Ìyá Kọ̀ǹpútà, ó sì kú sí i lẹ́nu.

Òun ló so orúkọ mọ́ àtẹ èsì àyẹ̀wò ràgàjì inú kọ̀ǹpútà, ìlà kan fún ẹran kan: wàrà, ìgbóná ara, ẹ̀jẹ̀. Bí ẹran ṣe wọlé àyẹ̀wò ni ìlà ṣe tò. Bí a-b-d ṣe tò ni àkójọ orúkọ tirẹ̀ ṣe tò. Iye orúkọ sáà bá iye ìlà mu, ẹ̀rọ ò janpata. Ó ti gbé orí olórí lé ọrùn ọlọ́rùn!

Ó fò dìde. Àga há mọ́ ọn nídìí, ó bá a dé ẹnu ọ̀nà kó tó já bọ́.

"Ẹ dúró o!"

Dókítà ẹran tó dúró ti ọkọ̀ kọjú sí i. "Ìyá, àìsàn yìí ń ràn. Kí ló tún dé?"

"Èmi ni mo ṣi orúkọ wọn so. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà nínú ọkọ̀ yẹn, ara wọn le koko."

"Ẹ tètè tún un ṣe, kó tó pẹ́ jù."

Ó sáré padà sídìí kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà tí wọ́n so mọ́ etí ẹran kọ̀ọ̀kan wà lára ìlà, ó wà lára orúkọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní kí ẹ̀rọ fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà kó tó so orúkọ kankan. Wàrà Gìrìpá pòórá. Orúkọ àwọn aláìsàn pọ́n wẹ̀ẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bo ìlà kan kó tó mọ̀.

"Ẹ gbọ́wọ́ kúrò, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó gbé e kúrò. Ìbàdí-Àrán.

"Bóyá ẹ tún ti ṣì í."

"Nọ́ńbà etí rẹ̀ nìyí, àbúrò mi."

"Ẹ jẹ́ ká fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

"Kó wá kó àìsàn ran gbogbo agbo?"

Àbúrò rẹ̀ mú okùn lára ògiri. "Kí ẹnikẹ́ni má nà án o. Èmi ni màá fà á."

Bí àwọn aláìlẹ́ṣẹ̀ ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni òun ń fa Ìbàdí-Àrán gòkè, tó ń bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ létí.